Ìdájọ́ Édómù: Ohun Tí Wòlíì Ọbadáyà Sọ, Àti Ẹni Tó Ń Bá Wí

  

Ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ohun tó fà á rèé. Nínú ìpàdé wa kan tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ ààlà oko láàárín ìlú méjì tó jẹ́ tiwa gbóná janjan, ẹnìkan dìde, ó ṣí Bíbélì, ó sì ka ìwé wòlíì Ọbadáyà lé àwọn ará ìlú kejì lórí. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe pa Édómù run, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pa àwọn náà run, torí wọ́n gbéraga. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní àmín. Àwọn tí ó ń bá wí dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò wá sí ìpàdé mọ́.

Àwa tá à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. A jókòó. A ò pàtẹ́wọ́, a ò sì sọ pé kò dáa. A wò ó níran ni. Nígbà tá a délé, a tún ṣí ìwé náà, a kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú sì tì wá. Torí ìwé tí wọ́n fi ń bú ẹlòmíì yẹn, àwa tá a jókòó wò níran gan-an ló ń bá wí. Ohun tá a rí níbẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín.

Ìwé Ọbadáyà ló kúrú jù nínú Májẹ̀mú Láéláé. Orí kan péré ni, ẹsẹ 21. Ẹni tó bá gbé omi kaná, omi ò ní tíì hó tí yóò fi kà á tán. Orílẹ̀-èdè tó ń bá wí nínú rẹ̀ ni Édómù. Ta wá ni Édómù?

Édómù kì í ṣe àjèjì sí Ísírẹ́lì. Ọmọ Ésáù ni wọ́n, ọmọ Jákọ́bù sì ni Ísírẹ́lì. Ìbejì ni Ésáù àti Jákọ́bù, inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ mọ ìtàn náà. Ésáù ta ipò àkọ́bí rẹ̀ nítorí àwo ọbẹ̀ pupa kan. Jákọ́bù fi ẹ̀tàn gba ìre lọ́wọ́ bàbá wọn, ó sì sá lọ fún ogún ọdún. Nígbà tó padà dé, tó ń gbọ̀n, Ésáù sáré lọ dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé ẹ rí i pé Jákọ́bù náà kò mọ́? Ẹjọ́ ilé ni ẹjọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, tọ̀tún-tòsì ló ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin Mósè, nínú Diutarónómì orí 23, fi kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì pé wọn ò gbọdọ̀ kórìíra ará Édómù, nítorí ìbátan wọn ni.

Ilẹ̀ Édómù wà ní gúúsù ìlà oòrùn Òkun Iyọ̀, lápá ibi tí a ń pè ní Jọ́dánì lónìí. Òkè àti àpáta pupa ló pọ̀ níbẹ̀. Bósírà ni olú ìlú wọn. Láwọn ibì kan, ọ̀nà tó wọ inú àpáta náà tóóró débi pé èèyàn díẹ̀ lè dá ọmọ ogun púpọ̀ dúró. Wọ́n ní owó pẹ̀lú: bàbà wà nínú ilẹ̀ wọn, àwọn oníṣòwò tó ń gbé tùràrí bọ̀ láti ilẹ̀ Arébíà sì ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn ìjọba tó yí wọn ká. Wọ́n sì ní amòye, torí Témánì, ìlú wọn, lókìkí fún ọgbọ́n. Ẹlífásì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, ará Témánì ni.

Ohun mẹ́rin tí Édómù gbójú lé nìyẹn: àpáta, owó, ọ̀rẹ́ àti ọgbọ́n. Wòlíì náà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tó kọ́lé sínú pàlàpálá àpáta ti tan ara rẹ̀ jẹ, torí bó tilẹ̀ ga bí ìtẹ́ idì, a óò fà á sọ̀ kalẹ̀. Ó ní olè tó wọlé lóru máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù, ẹni tó ń ká èso máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù, ṣùgbọ́n a óò tú ilé Ésáù dé kọ̀rọ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ni yóò dẹ tàkúté fún un. Ó ní ọgbọ́n yóò tán nínú àwọn amòye rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà dé nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, ẹ̀ṣẹ̀ ìgbéraga ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ìgbéraga ni ààrùn náà. Ìwà tí ààrùn náà bí ni wòlíì mú lọ sí ilé ẹjọ́. Láti ẹsẹ 10 ló ti sọ ọ́ jáde: nítorí ohun tó ṣe sí Jákọ́bù, ọmọ ìyá rẹ̀, ni.

Kí ló ṣe? Ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Jésù, Nebukadinésárì ọba Bábílónì fọ́ Jerúsálẹ́mù. Wọ́n wó odi rẹ̀, wọ́n jó tẹ́ńpìlì, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sígbèkùn. Kì í ṣe Édómù ló wó odi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bábílónì ló wó odi, ṣùgbọ́n Édómù ni Ọbadáyà ń bá wí. Ohun àkọ́kọ́ tó ní wọ́n ṣe ni pé wọ́n dúró lókèèrè, nígbà tí àjèjì ń gba ẹnu ibodè wọlé. Ó ní lọ́jọ́ náà, ẹni tó dúró wò dà bí ọ̀kan nínú àwọn tó wá jagun.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló bá wọn wí pé kò yẹ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gun òkè bí àkàsọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dúró, wọ́n ń wò. Lẹ́yìn ìwòran, inú wọn dùn. Lẹ́yìn inú dídùn, ẹnu wọn gbòòrò, wọ́n ń fi ọmọ ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ẹnu gbígbòòrò, wọ́n wọnú ìlú, wọ́n kó nínú ẹrù rẹ̀. Ní ìkẹyìn, wọ́n lọ dúró sí oríta, wọ́n ń mú àwọn tó ń sá àsálà, wọ́n sì ń fà wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ẹni tó dúró wò ní àárọ̀, òun ló ń mú èèyàn ní oríta ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó jí lọ́jọ́ kan tó kàn bọ́ sí oríta. Ibi ìwòran ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkórìíra náà kì í sì í ṣe àròsọ. Ní ibùdó ogun kan tó ń jẹ́ Árádì, ní gúúsù ilẹ̀ Júdà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwọn àpáàdì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lára, láti àwọn ọdún ìkẹyìn ìjọba Júdà. Nínú ọ̀kan, ọ̀gá ogun pàṣẹ kíákíá pé kí wọ́n rán ọmọ ogun lọ sí ibùdó kejì, kí àwọn ará Édómù má baà dé ibẹ̀. Ẹ̀rù ọmọ ìyá ẹni ló wà nínú lẹ́tà yẹn, nígbà tí ọ̀tá ńlá ń bọ̀ láti ọ̀nà míì.

Báwo wá ni ìdájọ́ náà ṣe dé? Iná ò já bọ́ láti ọ̀run. Ní nǹkan bí ọdún 553 ṣáájú ìbí Jésù, Nábónídù ọba Bábílónì kó ogun wọ gúúsù. Bábílónì tí Édómù dúró ti ogun rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù náà ló wá bá wọn nílé. Lára àpáta gíga kan ní Sẹ́là, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, ọba Bábílónì kan gbẹ́ àwòrán ara rẹ̀ sí i, àwọn onímọ̀ sì gbà pé Nábónídù ni. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Lára àpáta tí wọ́n fi ń yangàn ni àjèjì gbẹ́ ojú rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, àwọn Árábù tí à ń pè ní Nabatéà gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì kọ́ Pẹ́trà síbẹ̀. Àwọn ọmọ Édómù ṣí lọ sí gúúsù Júdà, wọ́n wá ń pè wọ́n ní ará Ìdúméà. Hẹ́rọ́dù Ńlá, ọba ìgbà tí wọ́n bí Jésù, ìran wọn ni. Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù pa Jerúsálẹ́mù run ní ọdún 70, a ò gbúròó wọn mọ́ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè.

Ẹnìkan á ní, "Ìdájọ́ ti ṣẹ, ó parí." Kò parí o. Ẹsẹ 15 ló yẹ kí gbogbo wa mọ̀ sórí. Níbẹ̀ ni wòlíì ti yí ojú kúrò lára Édómù, tó sọ pé ọjọ́ Olúwa súnmọ́ tòsí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, pé ohun tí o ṣe fún ẹlòmíì ni a óò ṣe fún ọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sọ bẹ́ẹ̀. Jerúsálẹ́mù tó ṣubú náà kò yọ nínú rẹ̀, torí Jeremáyà ti sọ fún wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ló wó ilé lé wọn lórí. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó bá fi ìwé Ọbadáyà bú ẹnìkejì, ọ̀pá yẹn ló nà mú, kò sì mọ ẹ̀yìn ẹni tí yóò bà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ara wa. Ìdí wà tí ìwé yìí fi ń dùn mọ́ ọmọ Kétu lẹ́nu. Àwa náà mọ ọjọ́ tí àjèjì gba ẹnu ibodè wọlé. Ní 1886, ogun Dàhòmì lábẹ́ Glẹ̀lẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n jó o, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ẹnu ibodè Ìdénà ṣì dúró dòní tó ń jẹ́rìí. Kò sí ilé ńlá kan ní Kétu tí kò ní orúkọ ẹni tí wọ́n mú lọ. Nígbà tí a bá sì gbọ́ pé ní January 1894, Béhanzin ọmọ Glẹ̀lẹ̀ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Faransé, tí wọ́n gbé e lọ sí Martinique, tó sì kú sí Algiers ní 1906, ó máa ń yá wa lára láti sọ pé, "Ẹ ò rí ìdájọ́ Édómù!"

A ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Ọlọ́run kì í dájọ́. Àwọn ọmọ Kétu tó wà nígbèkùn padà wálé lẹ́yìn náà, wọ́n tún ìlú kọ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìtàn tán. Faransé tó ṣẹ́ Dàhòmì kò wá tọrẹ. Ní August 1889, kí Béhanzin tó ṣubú rárá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó, wọ́n ti fa ilà sórí ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò ń sọ èdè kan ní iléèwé, ẹ̀gbọ́n ń sọ òmíràn. Ọ̀pá tó na ọ̀tá wa, àwa náà jẹ nínú rẹ̀. Àwọn Fọ̀n tí a sì ń wò lónìí kì í ṣe ọmọ ogun Glẹ̀lẹ̀. Aládùúgbò wa ni wọ́n, àna wa ni wọ́n. Ọmọ wọn àti ọmọ wa jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ìbéèrè tí Ọbadáyà ń bi wa kì í ṣe "Ta ló jó Kétu?" A mọ ẹni tó jó o. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ọmọ ìyá dà lọ́jọ́ náà?" Ó dunni láti dáhùn. Láti 1877 ni àwọn ará wa ní ìlà oòrùn ti dojú ìbọn kọ ara wọn nínú ogun Kírìjí, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì. September 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ọdún tí Kétu jóná gan-an nìyẹn. Ọmọ Odùduwà ń yìnbọn fún ọmọ Odùduwà, ọwọ́ wọn kún.

Ẹ sì má jẹ́ ká sọ pé ìwà oríta kò sí láàárín wa. Àjàyí Crowther, tó ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tó sì bẹ Kétu wò ní 1853, ẹrú ni wọ́n mú un ní Òṣogùn ní 1821. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú ogun tó mú un. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á láàárín ilẹ̀ wa, títí tó fi dé Èkó, kí Potogí tó rà á. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ tà ní oríta ló ṣáájú àwọn tó fi ọ̀rọ̀ Ọbadáyà nípa oríta lé wa lọ́wọ́ ní Yorùbá. Ṣé ó wá yẹ ká fi ìwé náà lé ara wa kúrò nínú ìpàdé?

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ forí jì wá, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ àpáta yìí kàn jù. Oyè ni àpáta tiwa. Orí ìtẹ́ ga, ó sì rọrùn láti jókòó sókè kí a máa wo ìjà àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àwa ará ìlú náà ní àwáwí tiwa. A máa ń ní bí iná bá ń jó ni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbọn tara ẹni tán ńkọ́? Àwọn àgbà kan náà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọ́n sì tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé tí a sọ yẹn, àgbà wà lọ́jà. Àwa náà wà níbẹ̀. Orí ọmọ wọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la wá bẹ̀ yín.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ yìí rán àwọn àgbà lọ sí ìlú tó fi ìpàdé sílẹ̀, kí òṣù yìí tó parí. Kí wọ́n má tíì dárúkọ ààlà oko. Kí wọ́n kan sọ pé, "A gbọ́ ohun tí wọ́n sọ sí yín, a dákẹ́, kò dáa, ẹ má bínú." Àwa tá à ń sọ̀rọ̀ yìí yóò wà lára àwọn tó máa lọ, torí àwa la dákẹ́. Ẹjọ́ ààlà á wá lẹ́yìn, ẹni tó bá jàre á gba àre rẹ̀.

Ìkejì, lọ́jọ́ tí ìpọ́njú bá dé bá ìlú wa èyíkéyìí, ì báà ṣe iná ni, ì báà ṣe omíyalé, ì báà ṣe ìjà tó lé èèyàn kúrò nílé, kí ìlú tó kù kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n nílò, kí a tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ìlú tó bá ń bá wọn ṣẹjọ́ ni kó ṣáájú.

Ìkẹta, kí ẹnikẹ́ni má fi Bíbélì, Kùránì tàbí ẹsẹ Ifá ṣépè fún ọmọ ẹgbẹ́ nínú ìpàdé wa mọ́. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀, kí àgbà tó bá sún mọ́ ọn jù lọ dìde, kó ní, "Jókòó." Kó má dúró de ẹlòmíì.

Ibi tí Ọbadáyà parí sí ni pé ti Olúwa ni ìjọba yóò jẹ́. Bí ìjọba bá jẹ́ tirẹ̀, ìdájọ́ náà jẹ́ tirẹ̀. Tiwa ni ká má ṣe dúró lókèèrè.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọjọ́ ìpọ́njú ọmọ ìyá wa bá wa níbi ìwòran. Kádé ó pẹ́, kí ìlú tòrò.